Kí O Tó Tún Wọ Inú Kùrukùru Pẹ̀lú Ọ̀gá Rẹ

Ilé wa,
Àgbádárìgì.

Rùkáyátù ọmọ mi, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Sẹnámi,

Kí Ọlọ́run fún ọ ní oorun tó dára níbi tí o wà. Mo mọ̀ pé bí ọkàn rẹ bá ti dàrú, oorun ló kọ́kọ́ máa ń sá fún ọ, oúnjẹ ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Ara wa le. Ìyá rẹ ń kí ọ. Òrùlé ìsọ̀ wa ní Gbaji ṣì ń jò, èmi tí mò ń ta páànù fún gbogbo èrò ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Má bi mí pé kí ló dé.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà sí ọ nígbà tí fóònù wà. Ìdí rẹ̀ ni pé lórí fóònù, gbogbo ohun tí mo bá sọ, "Bẹ́ẹ̀ ni sà" lo máa ń dá mi lóhùn. Bí mo bá ní oòrùn ń yọ láti inú òkun ní ìrọ̀lẹ́, wàá ní "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Mi ò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọlé tàbí ó gba ẹ̀bá etí kọjá. Ti lẹ́tà yàtọ̀. Wàá kà á, wàá tún un kà, kò sì sí ẹni tí wàá máa dá lóhùn títí wàá fi parí rẹ̀.

Nígbà tí o pe ìyá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Ó ti tẹ fóònù kí ohùn rẹ jáde síta, bó ṣe máa ń ṣe tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Mi ò dá sí i, mo jẹ́ kí o sunkún rẹ. O ní ẹ wọ inú ẹ̀rọ ìdánwò, èyí tó rí bí iwájú bàálù gẹ́lẹ́, àga rẹ̀ àti bọ́tìnnì rẹ̀, àmọ́ tí kì í kúrò nílẹ̀. Wọ́n fi kùrukùru bo gbogbo ojú gíláàsì. Bàálù náà ló máa fúnra rẹ̀ balẹ̀, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ pápá ọkọ̀ òfurufú ń sọ fún un, nígbà tí ojú ènìyàn kò rí nǹkan kan. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá rẹ jókòó sápá òsì níbi tí olórí awakọ̀ ń jókòó sí, ìwọ tí o jẹ́ igbákejì wà lápá ọ̀tún. Nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́, ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ, èyí tó ń sọ pé ó ṣì lágbára láti dá balẹ̀, yí padà. O rí i. O ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bóyá kí ẹ wo ibẹ̀ yẹn sà." Ọ̀gá kò yíjú. Ìwọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Inú koríko lẹ balẹ̀ sí.

O ní ọ̀gá náà ṣí ìgò omi rẹ̀, ó mu ún, ó wá bi ọ́ pé, "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i sà."

"Kí ló wá dé tó ò sọ̀rọ̀ sókè?"

"Mo rò pé ẹ ti rí i sà."

"Ó dáa. Gbogbo wa ti kú, àtàwa àti èrò ẹ̀yìn."

Ó ní ìdánwò kan ṣoṣo ló kù fún ọ. Bí o bá tún dákẹ́, wọn ò ní jẹ́ kí o jókòó sórí àga yẹn, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún. O wá sọ fún ìyá rẹ pé o fẹ́ wálé wá bá mi ta páànù. Jẹ́ kí n tètè fèsì sí ìyẹn: mi ò gbà ọ́ síṣẹ́. O ò mọ ọjà tà. Gbogbo ẹni tó bá ti fajú ro ní ìsọ̀ lo máa ń dín owó fún.

Mo mọ̀ pé òyìnbó lẹ jọ ń sọ nínú ẹ̀rọ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ìyá rẹ, mo mọ ilé tó ti wá. Òyìnbó lo fi sọ ọ́, pálọ̀ wa ló ti jáde. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ṣé o rántí iléyá, nígbà tí o wá sílé tí o to àga méjì síwájú tẹlifíṣọ̀n? O ní kí n jókòó sápá òsì, kí n ṣe olórí awakọ̀, kí o lè fi mí kọ́ àyẹ̀wò tí ẹ máa ń ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ sínú kùrukùru. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ lọ dé fìlà. O ṣàlàyé fún mi pé lókè lọ́hùn-ún, nígbà tí ara ṣì tutù tí wàhálà kò sì tíì dé, ẹ̀yin méjèèjì á jọ sọ gbogbo rẹ̀. Báwo ni kùrukùru náà ṣe nípọn tó nílẹ̀, ṣé ó ṣì wà nínú ohun tí òfin gbà? Ibi gíga wo la ti máa pinnu pé a ó balẹ̀ tàbí a ò ní balẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ méjèèjì tó ń wa bàálù fúnra wọn ń ṣiṣẹ́? Ta ló ń wo inú, ta ló ń wo ìta? Bí nǹkan kan bá yí padà nísàlẹ̀, kí ni ṣíṣe? Epo ńkọ́, ṣé èyí tó kù máa gbé wa dé pápá ọkọ̀ mìíràn? Ẹnì kan á béèrè, ìkejì á fi ojú wò ó kó tó fẹnu dáhùn.

Mo ń ka tèmi bí ẹni ń ṣe wáàsí, mo sì fo epo. Mo fò ó pátápátá. O wò mí, o rẹ́rìn-ín, o wá rọra ní, "Bàbá ti yẹ epo wò, epo pé," o sì ń bá a lọ bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Ìyá rẹ rí ọ, èmi náà rí ọ. Nígbà tó di Jímọ̀, mo sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí pé ọmọ mi kàwé débi pé ó ń wa bàálù, síbẹ̀ kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, ó bo àṣìṣe mi láṣìírí. Wọ́n ṣe àdúà fún ọ. Ìgbà tí mo gbọ́ ẹkún rẹ lórí fóònù ni mo tó mọ ohun tí a ń ṣe àmín sí. Ó dùn mí gan-an, Rùkáyátù. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo pè é, mo sì yìn ọ́ fún un.

Nítorí náà jẹ́ kí n tún ọ kọ́. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Mi ò tíì fẹ́ ìyá rẹ nígbà náà. Mò ń kọ́ṣẹ́ páànù kíkàn, mo sì máa ń kírun ní mọ́sálásí kékeré kan ní Apa, ìtòsí ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ìmáàmù wa jẹ́ àgbàlagbà tó kọ́ ọ̀pọ̀ bàbá ìlú ní kéwú, kò sì sí ẹni tí kì í bọ̀wọ̀ fún un. Ìrun Alásárì ni lọ́jọ́ náà, èmi sì wà ní sáàfù àkọ́kọ́, ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí a kí ràkáà mẹ́rin tán, dípò kó jókòó, ó dìde fún ìkarùn-ún. Ìwọ náà mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn á ní "Subuhanallahi" sókè, ìmáàmù á gbọ́, á padà jókòó. Bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àfojúdi, kódà bó jẹ́ ọmọdé ló sọ ọ́. Gbogbo sáàfù ló mọ̀ pé mẹ́rin ti pé. Mo fi igun ojú wo ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi, òun náà ń fi igun ojú wò mí. Mo ní nínú ọkàn mi pé ta ni mo jẹ́, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lásán. Bóyá Àáfà mọ ohun tí àwa kò mọ̀. Gbogbo wa bá dìde tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbìyànjú. Láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta fáwọn obìnrin, a gbọ́ àtẹ́wọ́, nítorí obìnrin kì í sọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, àtẹ́wọ́ ló máa ń pa. Ó pa á lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ẹ̀fọn pọ̀ ní mọ́sálásí yẹn. Ìmáàmù rò pé ẹ̀fọn ni wọ́n pa, ó ń bá ìrun rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a sálámà tí ìrun parí, bàbá kan láti ẹ̀yìn ní, "Àáfà, márùn-ún la kí o." Ìmáàmù yíjú sí wa. Kò wo bàbá náà rárá. Àwa tí a wà ní sáàfù àkọ́kọ́ ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìmáàmù ò lójú lẹ́yìn. Kí ni mo wá fi yín sẹ́yìn mi fún?" Ohùn rẹ̀ kò le. Ó tún kọjú sí gábàsì, ó ní ká forí kanlẹ̀ fún ìgbàgbé, ọ̀rọ̀ sì parí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Kò parí lọ́dọ̀ tèmi.

Mo lọ wá ẹni tó pàtẹ́wọ́ kàn. Ọmọbìnrin Ẹ̀gùn kan báyìí ni, tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ládùúgbò. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pa á jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Èmi pa tèmi. Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe?" Ọmọbìnrin náà ni ìyá rẹ. Mo ti ń wá èsì sí ìbéèrè yẹn látìgbà náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé kí o má sọ "mo rò pé ẹ ti rí i" mọ́ láyé rẹ. Ohun tí gbogbo sáàfù àkọ́kọ́ rò nìyẹn. Ọ̀gá rẹ ní ohun tirẹ̀ tó ń wò, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àga yín ní méjì. Bó bá ti rí i tẹ́lẹ̀ tí o sì sọ ọ́, kí ló bàjẹ́? Á ní òun ti rí i, ẹ ó sì jọ gbé bàálù sókè. Àmọ́ bí kò bá rí i tí o dákẹ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, àti tàwọn tó gbé sẹ́yìn.

Ìkejì ni àtẹ́wọ́ ìyá rẹ, má jẹ́ kó gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí o sọ fún ọ̀gá rẹ, àtẹ́wọ́ tó jọ ti apẹ̀fọn ni. "Ẹ jọ̀ọ́" wà nínú rẹ̀, "bóyá" wà nínú rẹ̀, "sà" méjì wà nínú rẹ̀. Ohun tó yí padà nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé wọ́n ti fún yín ní ọ̀rọ̀ tí ẹ máa pè, "Góù àráùn," ìyẹn ni pé kí ẹ gbé bàálù sókè padà. Wọn ò fi jọ̀ọ́ síwájú rẹ̀, wọn ò fi sà sẹ́yìn rẹ̀. Pè é bí wọ́n ṣe fún ọ. Bí kò bá dá ọ lóhùn, tún un pè. Bó bá tún dákẹ́, o ní wọ́n ti kọ́ yín pé kí igbákejì gba ọkọ̀. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ, júwe ilé wa fún un.

Mo ti ń gbọ́ ọ látibí: "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Bẹ́ẹ̀ ni, mo pa á, òótọ́ sì ni. Ọ̀gá rẹ ti fò kọjá orí wa kí wọ́n tó bí ọ. Ọ̀pọ̀ ohun ló wà tí wàá kọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, máa kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn baba wa tún sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mi kì í sábà pa ìyẹn nígbà tí o wà ní kékeré, torí kò bá mi lára mu.

Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Ọ̀wọ̀ wà, mi ò ní kí o jù ú nù. Nílẹ̀, kúnlẹ̀ kí o kí i. Bá a gbé báàgì rẹ̀ bó bá gbà fún ọ. Fi sà sí i bó ṣe wù ọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ bá wà lókè tí ẹ ń ṣe àyẹ̀wò yẹn, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ rárá, sọ fún un pé, "Sà, bí mo bá rí ohun tí kò tọ́ nísàlẹ̀, màá pè é tààrà, mi ò ní fi sà sí i. Ẹ má bínú sí mi." Ta ni àgbà tí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní gbà? Gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara ṣì tutù. Bí ilẹ̀ bá ti sún mọ́, ìtìjú ò ní rí àyè jókòó láàárín yín mọ́.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi wà lórí òrùlé kan, ó ké sí mi nísàlẹ̀ pé, "Ṣé bí a ṣe wọ̀n ọ́n ní àná náà nìyẹn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Mi ò wo ìwọ̀n, mi ò wo páànù. Mo kàn fẹ́ dáhùn kíá bí ọmọ tó létí ọmọ ni. Ó ní kí n gé e. Nígbà tí a gbé e sókè, gbogbo páànù ẹ̀gbẹ́ kan ló kúrú, ìgbátí ilé hàn síta, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Irọ́ ni "bẹ́ẹ̀ ni sà" tí ojú kò bá wo nǹkan, kódà bí ẹni tó sọ ọ́ bá dọ̀bálẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ ní ohun kan nínú àyẹ̀wò yẹn, jẹ́ kí ó dúró dè ọ́. Fi ojú wò ó, kí o tó fẹnu dáhùn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Má sì jẹ́ kí ó dà bí ìtìjú lójú rẹ pé ẹ gbé bàálù sókè padà. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá rẹ, ó já pẹ́ńsùlù gbà lọ́wọ́ mi, ó ní mò ń sọ ọ́ gùn jù. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́: "Viyọnnu ṣié, ọmọbìnrin mi, tí ẹ ò bá ti rí ilẹ̀, ẹ lọ Kùtọnu. Ẹ jẹun níbẹ̀, ẹ sùn, kí ẹ padà bọ̀ lọ́la. Ta ló ń lé yín?" Mo ti kọ ọ́. Mo tún fi tèmi kún un pé kí ẹ rí i pé epo tó máa gbé yín dé Kùtọnu wà nínú bàálù, ohun tí bàbá rẹ fò nìyẹn.

Ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń tù ọ́ nínú. Nígbà tí gbogbo gíláàsì funfun báláú tí ọ̀gá rẹ ń dán ọ wò, o rí ohun tó yí padà. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ kọ́ ojú kó tó kọ́ ẹnu. Ojú tìrẹ ti dára, ẹnu nìkan ló kù, èmi tí mo sì dì í ti wá tú u báyìí.

Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, pè mí. Mo mọ̀ dájú pé mo ti ṣì í kọ níbì kan nípa iṣẹ́ yín, torí mi ò kọ́ ọ. Má kí mi, má bi mí nípa ìsọ̀. Ibi tí mo ti ṣìnà ni kí o kọ́kọ́ sọ, kí o sọ ọ́ ketekete, láìfi ohunkóhun bò ó. Bí inú bá bí mi, màá gbé e mì. Lẹ́yìn náà màá pè ọ́ padà, màá mọ̀ọ́mọ̀ fo nǹkan kan nínú àyẹ̀wò yẹn, wàá sì tún dá mi dúró, títí ẹnu rẹ á fi mọ́ ọn lára kí ọjọ́ ìdánwò yẹn tó dé. Ta lo tún fẹ́ fi dánra wò tó ju bàbá rẹ lọ?

Ìyá rẹ, tó ti búra pé òun ò ní wọ bàálù láéláé, bi mí lánàá pé èwo nínú àga inú rẹ̀ ni kì í mi jù. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó má baà yí ọkàn padà. Àwa méjèèjì ń bọ̀ wá wọ ọkọ̀ rẹ lọ́jọ́ kan, inú ọyẹ́ sì lè jẹ́. Bí kùrukùru bá bo gbogbo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwa tí a jókòó sẹ́yìn ò ní mọ èwo ló dàgbà jù nínú ẹ̀yin méjèèjì tó wà níwájú. Ká ṣáà délé la fẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.